Bí Ẹgbẹ́ Kékeré Ṣe Lè Fi Eré Ìtàgé Wá Àyípadà Láwùjọ

Eré tó kàn ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìyà ń jẹ wọ́n kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé. Ohun tí wọn kì í sábà rí ni àyè láti dán ohun tí wọ́n lè ṣe sí i wò, níṣojú ara wọn, láìjẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tàbí pé wọ́n ti ẹnì kan mọ́lé nítorí rẹ̀. Irú eré tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn: eré kúkúrú tí ẹgbẹ́ kan gbé lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n, tí wọ́n mú dúró níbi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, tí àwọn òǹwòran fúnra wọn á sì bọ́ sójú agbo láti wá ọ̀nà àbáyọ.

Augusto Boal, ará Brazil tó gbé ayé láti ọdún 1931 sí 2009, ló to ọ̀nà yìí lẹ́sẹẹsẹ tó fi tàn ká ayé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ibì kan wà tí n kò ti bá a gba ọ̀nà kan náà. Tí a bá dé ibẹ̀, màá sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tó ní ẹni tó lè yí i padà

"Ìwà ìbàjẹ́," "ìṣẹ́," "ìjọba tí kò gbọ́ tẹnì kan": ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fẹ̀ jù fún eré kúkúrú. Òṣèré tó bá fẹ́ fi "ìwà ìbàjẹ́" lásán ṣeré á di oníwàásù kó tó dé àárín. Ẹ wá ojú ibi tí ọ̀rọ̀ ńlá náà ti ń fọwọ́ kan èèyàn. Ọ́fíìsì wo ni? Ìwé wo ni wọ́n ń béèrè? Ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì?

Ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni gbólóhùn kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lè parí: "A fẹ́ kí ẹni báyìí ṣe nǹkan báyìí kí ọjọ́ báyìí tó pé." Bí ẹ kò bá rí ipò tàbí ọ́fíìsì kankan fi sí ibi "ẹni báyìí," ẹ ò tíì rí ọ̀rọ̀ yín, ẹ padà lọ wá a. Ó lè gba ìpàdé méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má kánjú níbẹ̀, torí pé eré tí kò mọ ẹni tó ń bá wí kò ní mọ ohun tó máa béèrè nígbà tí pàtẹ́wọ́ bá dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n hun àpẹẹrẹ kan tí a ó máa mú tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti yọ irin ìdáàbòbò kúrò lára ẹ̀rọ kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ̀rọ náà gé ìka obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Máníjà gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i pé àìṣọ́ra òun ló fà á. Gbólóhùn ẹgbẹ́ wa á jẹ́: "A fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ náà dá irin padà sára gbogbo ẹ̀rọ, kí wọ́n sì dẹ́kun fífún àwọn tó fara pa níwèé yẹn, kí oṣù mẹ́ta tó pé." Èyí ṣeé fi ṣeré.

Ẹ lọ gbọ́ kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Ẹ lọ jókòó ti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ má bi wọ́n pé, "Kí lèrò yín nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́?" Ìdáhùn tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ni ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa mú wá. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: àsìkò wo ni? Ta ló wà níbẹ̀? Kí ni ọ̀gá sọ? Ṣé ẹ wà lórí ìdúró àbí wọ́n ní kẹ́ ẹ jókòó? Ta ló gbójú sá? Níbi irú ìbéèrè báyìí lẹ ti máa gbọ́ ohun tí èèyàn kò lè fi ọgbọ́n orí hun, bíi pé ọwọ́ òsì ni obìnrin náà fi gba kálámù, torí pé báńdéèjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìfọwọ́sí rẹ̀ sì rí wúruwùru bíi ti ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkọ. Kálámù tí ó fọwọ́ òsì gbà yẹn lágbára ju ọ̀rọ̀ sísọ ìdajì wákàtí lọ lórí ìtàgé.

Ìtàn tí wọ́n bá sọ fún yín kì í ṣe tiyín. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè lò ó. Ẹ yí orúkọ àti ipò padà, kẹ́ ẹ sì da ìtàn èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ di ti ẹnì kan, kó má bàa sí ẹni tí wọ́n máa nàka sí lọ́jọ́ kejì pé òun ló lọ sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ níta. Nígbà tí ẹ bá ti hun eré náà dé ìdajì, ẹ gbé e padà lọ sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní Kamiriithu ní Kenya nìyẹn lọ́dún 1977, nígbà tí Ngũgĩ wa Thiong'o àti Ngũgĩ wa Mĩriĩ kọ eré ní èdè Gĩkũyũ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ abúlé náà. Àwọn ará abúlé ló ń tún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá inú eré ṣe, tí wọ́n ń mú orin wá, tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ́ ibi ìṣeré tí kò ní òrùlé. Kò pé oṣù méjì tí eré bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba fi gba ìwé àṣẹ rẹ̀ padà, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Wọ́n mú Ngũgĩ wa Thiong'o lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún, wọ́n sì tì í mọ́lé fún nǹkan bí ọdún kan láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ó ti kọ̀wé ta ko ìjọba lédè Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, wọn ò mú un. Ìgbà tí àgbẹ̀ dúró lórí ìtàgé, tó ń fi èdè ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀, ni ara àwọn aláṣẹ kò gbà á mọ́.

Àwọn wo ló yẹ kó wà nínú ẹgbẹ́

Èèyàn márùn-ún sí mẹ́jọ ti tó. Kò pọn dandan kí wọ́n ti ṣeré rí, ṣùgbọ́n ó kéré tán, kí ìdajì wọn jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Mo rọ̀ mọ́ èyí gidigidi, ìtàn kan tí Boal fúnra rẹ̀ sọ ló sì fà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré fún àwọn àgbẹ̀ ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Brazil. Wọ́n gbé ìbọn dání nínú eré, wọ́n ń kọrin pé a gbọ́dọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ wa sílẹ̀ kí ilẹ̀ wa lè padà sọ́wọ́ wa. Nígbà tí wọ́n parí, àgbẹ̀ kan wá bá wọn, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n gbé ìbọn wọn ká jọ lọ lé àwọn tó gba ilẹ̀ kúrò. Wọ́n ní ìbọn eré ni. Ó ní kò sí wàhálà, àwọn ní ìbọn gidi tó máa tó gbogbo wọn. Wọ́n ní òṣèré làwọn, àwọn kì í ṣe àgbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé ọkùnrin náà pé ẹ̀jẹ̀ tí àwọn òṣèré ń kọrin nípa rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ni, kì í ṣe tiwọn. Láti ìgbà náà ni Boal ti pinnu pé òun kò ní fi eré pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti ṣe ohun tí òun fúnra òun kò ní ṣe.

Torí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, ẹ jókòó kí ẹ bi ara yín: bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ta ni ìyà rẹ̀ máa jẹ? Bó bá jẹ́ pé àwọn tí kò sí nínú yàrá yẹn nìkan ni, ẹ pè wọ́n wọlé tàbí kí ẹ jáwọ́.

Bí a ṣe ń hun eré náà

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni kó jẹ́, torí pé ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, àwọn òǹwòran ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò yín. Ìran mẹ́rin tó.

Ẹ nílò ẹnì kan tó ń wá ohun tó hàn kedere, tó sì ń sapá láti rí i gbà. Ẹ nílò ẹni tó ń dí i lọ́nà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà láàárín, tí wọn ò tíì mọ ibi tí wọ́n máa fì sí. Àwọn ti àárín yìí ni ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ni nǹkan ti sábà máa ń yí: òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tú irin kúrò lára ẹ̀rọ, akọ̀wé tó tẹ ìwé náà, ọkọ tí ẹ̀rù ń bà pé owó oṣù máa dá dúró.

Eré náà gbọ́dọ̀ parí sí ìkùnà. Bí obìnrin wa bá borí, àwọn òǹwòran á pàtẹ́wọ́, ara á tù wọ́n, wọ́n á sì máa lọ sílé bí ẹni pé wọ́n ti jà. Bó bá fọwọ́ sí ìwé náà, tó dìde, tó sì padà sídìí ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n dì, ara kò ní gba ẹni tó ń wò láti jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ ìkùnà náà kò gbọ́dọ̀ dà bí kádàrá. Ó kéré tán, ẹ fi ibi mẹ́ta sínú eré tí ó ti lè ṣe nǹkan mìíràn, kí gbogbo òṣèré sì mọ ibẹ̀ dáadáa.

Èyí ni bí mo ṣe máa tò ó. Ní ìran kìíní, alábòójútó ní kí wọ́n tú irin kúrò. Obìnrin náà sọ pé ó léwu, ẹnì kejì rẹ̀ fún un ní ìgbúnwọ́ pé kó dákẹ́, ó sì dákẹ́. Ìran kejì ni ìjàǹbá fúnra rẹ̀, ẹ má sì fi ẹ̀jẹ̀ hàn: kí ariwo ẹ̀rọ tí àwọn òṣèré ń fi ẹnu pa dá dúró lójijì, kí gbogbo wọn wo ibì kan náà. Ìran kẹta wà ní ọ́fíìsì máníjà. Ìkẹrin wáyé nílé ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, níbi tí ọkọ àti ojúgbà rẹ̀ ti ń sọ fún un pé kó gba Ọlọ́run gbọ́, kó sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà sí ọ́fíìsì, ó sì fọwọ́ sí i.

Ìran ọ́fíìsì yẹn ni kí ẹ lo àkókò lé lórí jù. Ẹ má ṣe máníjà ní abàmì èèyàn tó ń jágbe kiri. Máníjà gidi kì í sábà wá bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ti kọ́ bí a ṣe ń dojú kọ abàmì kò tíì kọ́ bí a ṣe ń dojú kọ máníjà. Ẹ jẹ́ kó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kó bu omi tútù fún un. Kó sọ pé òun náà ní ọ̀gá lókè tó ń béèrè iye ọjà tó jáde lóṣù yìí. Lẹ́yìn náà, kó rọra yí ìwé náà padà kó kọjú sí obìnrin yẹn, kó sì fi ìka kan ibi tó máa fọwọ́ sí, kó máa sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn bó ti ń ṣe é. Òṣèré tó máa ṣe máníjà ni kó mọ iṣẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ yín, torí òun ni gbogbo òǹwòran máa wá dán agbára wò lára rẹ̀.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ kí àwọn òṣèré há a sórí. Ẹ sọ fún wọn ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wá nínú ìran náà, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ẹnì kan máa kọ èyí tó bá dùn létí sílẹ̀. Òṣèré tó há ọ̀rọ̀ sórí á sọnù pátápátá nígbà tí òǹwòran bá wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Èdè tí àwọn òǹwòran fi ń bá ara wọn jà nílé ni kí ẹ lò, kẹ́ ẹ sì yọ gbogbo gbólóhùn tó bá ń ṣàlàyé ohun tí ojú ti rí.

Orin kan ṣoṣo dára, pàápàá èyí tí ègbè rẹ̀ rọrùn láti gbè, kí àwọn èèyàn lè máa kọ ọ́ lọ sílé.

Ẹrù díẹ̀, ibi tó súnmọ́ni

Ẹ gbé eré lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń péjọ tẹ́lẹ̀, kí ohun èlò yín má sì ju èyí tí èèyàn méjì lè fọwọ́ gbé sáré. Nígbà tí Luis Valdez dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ oko èso àjàrà tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní California lọ́dún 1965, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni ìtàgé wọn, lẹ́bàá oko. Wọ́n á gbé pátákó kọ́ ọrùn òṣèré, "Ọ̀gá" lára ẹnì kan, "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀" lára ẹlòmíràn, gbogbo èèyàn á sì ti mọ ẹni tí wọ́n ń wò. Fún eré wa, tábìlì kan, àga méjì, báńdéèjì, ìwé àti kálámù ti tó.

Ẹ jẹ́ kí àwọn òǹwòran yí yín ká, kí oòrùn wà lẹ́yìn wọn, kí ìlà iwájú sì súnmọ́ débi pé ìṣísẹ̀ méjì ló máa gbé ẹni tó bá fẹ́ wọlé dé àárín agbo. Ìtàgé gíga máa ń dá àwọn èèyàn dúró.

Alárinà

Ẹnì kan nínú yín kò ní ṣeré. Òun ni alárinà, ẹni tó wà láàárín agbo àti ìtàgé. Ọ̀pọ̀ eré irú èyí tó bàjẹ́, ọwọ́ alárinà ló ti bàjẹ́, torí ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ jù, tàbí ó ti ní ìdáhùn kan lọ́kàn tó fẹ́ kí àwọn èèyàn dé. Ẹni tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ni kí ẹ yàn.

Kó kí àwọn èèyàn, kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta, kó sì mú wọn fi ara ṣe nǹkan kékeré kan kí ojora lè kúrò. Èyí tí Boal máa ń lò rọrùn: ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ya òbírí nínú afẹ́fẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ òsì ya àgbélébùú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni kì í sábà rí i ṣe, ẹ̀rín á sì gba gbogbo agbo.

Ẹ wá ṣe eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Lẹ́yìn rẹ̀, kí alárinà béèrè ohun méjì péré: "Ṣé irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀?" àti "Ibo ni nǹkan ti lè yàtọ̀?" Kó ní kí wọ́n kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú méjì yẹn púpọ̀. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn á sọ ọ́ fún ẹnì kan, ẹnì kan yẹn á sì tì í pé, "Dìde, lọ ṣe é."

Lẹ́yìn náà, ẹ tún eré ṣe. Nígbàkígbà tí òǹwòran bá ti rí ibi tí òun ì bá ti ṣe nǹkan mìíràn, kó pariwo pé "Dúró!" Òṣèré á dúró gbagidi, òǹwòran á wọlé, á gba àyè obìnrin náà, á mú báńdéèjì rẹ̀ wé ọwọ́, á sì máa bá a lọ láti ibẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ láti orí ìjókòó. Lọ́dún 1973, nígbà tí Boal ń ṣiṣẹ́ nínú ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Peru, òṣèré ló ń ṣe ohun tí òǹwòran bá ní kó ṣe. Obìnrin kan ní kí aya inú eré bá ọkọ rẹ̀ tó dalẹ̀ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Òṣèré ṣe é, obìnrin náà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún un ṣe, obìnrin náà ṣì ń bínú. Nígbẹ̀yìn, Boal ní kó bọ́ sórí ìtàgé kó ṣe é fúnra rẹ̀. Ó gbé igi ìgbálẹ̀, ó sì dà á bo òṣèré tó ṣe ọkọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ látìgbà yẹn nìyẹn, ẹnu kò sì lè gbé e jáde. (Torí náà, ẹ ṣòfin látìbẹ̀rẹ̀ pé ìjà inú agbo jẹ́ àfarawé, ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kan ara.)

Obìnrin náà tàbí àwọn ti àárín ni òǹwòran lè rọ́pò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ́pò máníjà. Máníjà tó kàn dédé di èèyàn rere kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, torí kò sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láti sọ ọ̀gá di rere nípa fífẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ òṣèré tó ń ṣe máníjà ni láti ta kò ó bí máníjà gidi ṣe máa ta kò ó, kó má ṣe rọ̀ jù, kó má sì fi agbára tẹ òǹwòran rì títí ojú á fi tì í. Bí òǹwòran bá ní, "Mi ò ní fọwọ́ sí i lónìí, màá mú un lọ sílé lọ kà," kí máníjà sọ pé ìwé kò gbọ́dọ̀ jáde ní ọ́fíìsì. Kí ló máa ṣe nígbà náà? Bóyá á béèrè fún ẹ̀dà rẹ̀, bóyá á ní kí wọ́n pe aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ ń wọlé fún gbogbo agbo, láìsí olùkọ́.

Ẹnì kan á wá tó máa ṣe idán: á tẹ gómìnà láago, gómìnà á sì lé máníjà dànù. Kí alárinà má ṣe dá a lẹ́bi. Kó pàtẹ́wọ́ fún un bíi ti gbogbo ènìyàn, kó sì bi agbo pé: "Ṣé èyí lè ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yín lọ́la?" Àwọn fúnra wọn á dáhùn. Lẹ́yìn ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan, kó bi ẹni tó ṣe é pé kí lo rí gbà, kí lo kò rí gbà, kí ló sì máa tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì? Kó má sọ fún wọn èwo ló dára jù. Ìgbìyànjú márùn-ún tàbí mẹ́fà máa ń tó lọ́jọ́ kan.

Ààbò

Ẹ mọ òfin ibi tí ẹ wà lórí àpéjọ, kẹ́ ẹ sì mọ nọ́ńbà lọ́yà kan tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òun máa dáhùn. Ẹ yan èèyàn méjì tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa wo ẹ̀yìn agbo àti ojú ọ̀nà. Ẹ fi ẹnu kò sí àmì kan tó túmọ̀ sí pé ká palẹ̀ mọ́ báyìí, láìjiyàn. Ẹ má ya fọ́tò tàbí fídíò ojú òǹwòran tó wọ inú agbo, àfi tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má dárúkọ èèyàn kan pàtó nínú eré, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ lè pa ẹgbẹ́ kékeré. Ipò ni kí ẹ dárúkọ, àwọn èèyàn á mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Ewu náà kì í ṣe àsọdùn. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1989, wọ́n kọlu ẹgbẹ́ Safdar Hashmi, òṣèré ará India kan, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré òpópónà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Sahibabad, lẹ́bàá Delhi. Hashmi kú lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì pa òṣìṣẹ́ kan pẹ̀lú. Lọ́jọ́ 4 oṣù yẹn, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà síbẹ̀, wọ́n sì ṣe eré náà dé òpin. Ní Nàìjíríà, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Hubert Ògúǹdé lọ́dún 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, wọn ò sì ká òfin náà kúrò títí di 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba. Ẹ kọ́ èèyàn méjì ní ipa kọ̀ọ̀kan nínú eré, kí ó má jẹ́ pé bí wọ́n bá mú ẹnì kan, eré ti kú.

Ibí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Boal. Ó ní irú eré kan tí wọ́n máa ń ṣe ní gbangba, nínú ọkọ̀ ojú irin tàbí ilé oúnjẹ, láìjẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé eré ni. Mo mọ ìdí tó fi lò ó: ní Argentina, nígbà tí kò lè gbé ní Brazil mọ́, eré gbangba lè mú kí wọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé ẹni tí ẹ kò sọ fún kò gbà láti kópa, bí ìjà gidi bá sì ṣẹlẹ̀, orí ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló máa fọ́ lé. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí agbo bá tú

Ẹ fi akọ̀wé kan sí ẹ̀gbẹ́ agbo láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbìyànjú tí òǹwòran ṣe ni kó kọ sílẹ̀: ohun tí wọ́n sọ, ohun tí máníjà fi ta kò ó, ohun tí agbo sọ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe eré náà níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ tẹ́ ìwé wọ̀nyẹn sílẹ̀ kí ẹ wo èyí tó ń jáde léraléra. Bí ó bá jẹ́ pé níbi gbogbo ni àwọn èèyàn ti ń béèrè pé "Ẹ fún mi ní ẹ̀dà ìwé náà kí n tó fọwọ́ sí i," ohun tí ẹ máa béèrè ti wà lọ́wọ́ yín, ó sì tẹnu àwọn tó ni ín jáde.

Boal gbé èyí jìnnà ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Wọ́n yàn án sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Rio de Janeiro, ó sì wà níbẹ̀ láti ọdún 1993 sí 1996. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ń lọ káàkiri àdúgbò, wọ́n ń kó ohun tí àwọn òǹwòran dán wò jọ, àwọn lọ́yà ń sọ ọ́ di àbá òfin. Òfin 13 ló ti ọ̀nà yẹn jáde. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ilé ìwòsàn ìlú ní dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn àgbàlagbà. Kò pọn dandan kí ẹ ní aṣòfin nínú ẹgbẹ́. Kánsẹ́lọ̀ kan, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tàbí àwọn tó ń bójú tó òfin iṣẹ́ lè gba lẹ́tà.

Ẹ kọ lẹ́tà náà sí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ń béèrè, ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì, kí àwọn tó bá fẹ́ sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, ẹ má fipá mú un. Ẹ pe ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá wo eré náà ní gbangba, kí ẹ sì sọ fún un ṣáájú irú eré tó jẹ́. Ẹni tí ẹ bá bá lójijì níwájú èrò á fi gbogbo agbára gbèjà ara rẹ̀, kò ní gbọ́ ohunkóhun. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń bọ̀ lè wá pẹ̀lú ìlérí lọ́wọ́, kí akọ̀wé yín sì kọ ìlérí náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kó kà á sókè kí gbogbo agbo gbọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ dá nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ yín, ẹ padà síbi tí ẹ ti kọ́kọ́ ṣeré. Ẹ wo ara ẹ̀rọ: ṣé irin ti padà síbẹ̀? Ẹ bi àwọn tó fara pa láti ìgbà yẹn bóyá wọ́n ṣì ń gbé ìwé fún wọn. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ fún àwọn èèyàn, ìbáà jẹ́ pé irin wà lára ẹ̀rọ méjì péré nínú mẹ́wàá. Bí èsì lẹ́tà kò bá wá rárá, ẹ fi ìyẹn ṣe ìran karùn-ún: obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ẹ̀dà lẹ́tà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, akọ̀wé ń sọ fún un pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣe é níwájú agbo kan náà, kí ẹ sì dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ pariwo "Dúró!"